Oògùn ajá tó lè ṣàkóbá fún aboyún: Ta ló ń kìlọ̀ fún ẹni tó ń fún ajá lóògùn?

Ajá sísìn nílẹ̀ Yorùbá ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ọdẹ nìkan. L'Ékòó, n'Íbàdàn, l'Ábẹ́òkúta, ọ̀pọ̀ ilé ló ní ajá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí irú ajá bẹ́ẹ̀ bá ń họra títí tí irun rẹ̀ fi ń já, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbẹ tí erìgì rẹ̀ funfun, olájá á gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Nígbà tó bá máa fi padà dé, oògùn oníhóró ló máa wà lọ́wọ́ rẹ̀, nínú àpòòwé pélébé tàbí ọ̀rá kékeré. Yóò nà án sí ìyàwó rẹ̀, sí ọmọ ọ̀dọ̀, tàbí sí ìyá àgbà tó ti abúlé wá tọ́jú ọmọ tuntun, pé ẹyọ kan ni kí wọ́n máa fi sínú oúnjẹ ajá láràárọ̀. Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Gbogbo ìkìlọ̀ tí dókítà ṣe ti ṣẹ́kù sí ilé ìwòsàn.

Ibẹ̀ ni ewu wà, nítorí pé àwọn kan wà nínú oògùn wọ̀nyí tí kì í ṣe ẹgbẹ́ parasitamọ́ọ̀lù.

Nínú ara ajá, bíi ti èèyàn, ni àwọn ọmọ ogun wà tó ń bá àrùn jà. Yorùbá ní ajá tó bá lẹ́ni lẹ́yìn ló ń pa ọ̀bọ. Àwọn ọmọ ogun yìí lẹni ẹ̀yìn ajá. Àmọ́ nígbà mìíràn, wọ́n máa ń ṣèèṣì dojú ìjà kọ ara tó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́. Wọ́n lè máa ba ẹ̀jẹ̀ ajá náà jẹ́, wọ́n sì lè máa bá awọ ara rẹ̀ jà. Oògùn tí dókítà máa ń kọ fún irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ni èyí tó ń fa àwọn ọmọ ogun náà sẹ́yìn. Prednisolone ló wọ́pọ̀ jù. Bí ìyẹn kò bá tó, dókítà lè fi azathioprine, ciclosporin tàbí mycophenolate kún un. Àwọn mẹ́ta tó gbẹ̀yìn yìí, oògùn tí wọ́n ń fún èèyàn tí wọ́n bá pààrọ̀ kíndìnrín fún ni, kí ara rẹ̀ má baà kọ kíndìnrín àjèjì.

Nílé ìwòsàn èèyàn, wọn kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú wọn. Àjọ NIOSH, tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́ nílẹ̀ Amẹ́ríkà, kìlọ̀ lọ́dún 2004 nípa àwọn oògùn tó lè ṣe nọ́ọ̀sì àti apòògùn léṣe. Àkójọ orúkọ tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2024 ṣì ní azathioprine, ciclosporin àti mycophenolate nínú. Àjọ IARC, ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé, ka azathioprine àti ciclosporin mọ́ àwọn ohun tó dájú pé ó lè fa jẹjẹrẹ fún èèyàn. Ní ti mycophenolate, aboyún ló yẹ kó sá fún un jù. Bí aláìsàn tó ń lò ó bá lóyún, oyún náà lè wálẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ọmọ tó bá sì dúró lè ní àbùkù ní etí tàbí ètè.

Èyí kò sọ pé ẹni tó bá fọwọ́ kan hóró kan ti kó àrùn. Àwọn tó ń gbé e mì fún ìgbà pípẹ́ ni ìwádìí jẹjẹrẹ yẹn dá lé lórí, hóró tí kò fọ́ sì ní èèpo tó bò ó. Ìgbà tí èèpo yẹn bá fọ́ ni ọ̀rọ̀ ń bàjẹ́. Ajá gbọ́n; á jẹ ìrẹsì, á tu oògùn sílẹ̀. Ẹni tó ń fún un á wá gbé e sórí ọlọ tí wọ́n fi ń lọ ata, á lọ̀ ọ́ kúnná, á pò ó mọ́ ẹ̀kọ. Ẹlòmíràn á fi eyín gé e sí méjì, ẹlòmíràn á tú kápúsù. Eruku rẹ̀ á wọ imú, á lẹ̀ mọ́ ọwọ́, á sì wà lára ọlọ títí wọ́n á fi tún fẹ́ se ọbẹ̀. Ìyàwó ilé tó ń lọ̀ ọ́ sì lè má tíì mọ̀ pé òun ti lóyún.

Odindi ni kí wọ́n fún ajá. Bí hóró bá tóbi ju ìwọ̀n tó yẹ lọ, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n ti wá nǹkan ṣe sí i. Kí wọ́n kọ́kọ́ ju òkèlè kékeré tí kò ní oògùn fún un, kí wọ́n ju èyí tó ní oògùn, kí òmíràn sì tẹ̀ lé e kíákíá kó má baà ráyè tú u. Ciclosporin nìkan ló yàtọ̀ díẹ̀: ó máa ń ṣiṣẹ́ jù bí wọ́n bá fún ajá ní wákàtí méjì ṣáájú oúnjẹ tàbí wákàtí méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ń fún un, kó wọ ìbọ̀wọ́, kó sì fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn náà. Aboyún àti abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́mú kò ní iṣẹ́ ṣe nídìí rẹ̀ rárá. Bákan náà ni èébì, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ajá náà, nítorí díẹ̀ nínú oògùn lè bá wọn jáde. Prednisolone sì máa ń mú kí ajá mu omi púpọ̀, kó sì máa tọ̀ káàkiri ilé.

Àpòòwé tí wọn kò kọ nǹkan sí tún jẹ́ wàhálà mìíràn. Àgbàlagbà tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ bí hóró oògùn ṣe ń jọra. Bí ti ajá bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ lórí tábìlì, ojú tó ti ń ṣe bàìbàì lè ṣì í mú. Ẹni tó bá ṣèèṣì gbé e mì, tàbí ọmọdé tó bá jẹ ẹ́, kí wọ́n gbé òun àti àpòòwé náà lọ sí ọsibítù. Epo pupa kọ́ ni ẹ̀rọ̀ rẹ̀. Kí wọ́n má sì tìtorí pé ó wo ajá sàn kí wọ́n fún ológbò ní azathioprine, torí ó lè ba mùdùnmúdùn inú egungun rẹ̀ jẹ́.

Ní abúlé, ọ̀nà mìíràn ni ọ̀rọ̀ náà ń gbà yọ. Dókítà ẹranko jìnnà, ẹni tó ń ta oògùn òyìnbó sì wà nítòsí. Òfin kò gbà á láyè láti ta prednisolone tàbí dexamethasone láìsí ìwé dókítà, àmọ́ wọ́n ń tà á. Ajá tó ń họra á simi, olájá á ní oògùn ti jẹ́. Bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ pé eégbọn ló ti kó kòkòrò Babesia sí ajá náà lẹ́jẹ̀. Wọ́n wá gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun nígbà tí ọ̀tá ṣì wà nínú ìlú. Bí wọ́n bá sì ti fún un fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, tí owó tán, tí wọ́n dáwọ́ dúró lójijì, ajá náà lè dá kú, ó sì lè gba ibẹ̀ kú. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà fi ń dín in kù.

Olájá tó bá fẹ́ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi fún irú ajá bẹ́ẹ̀, kó sọ fún dókítà pé ó ń lo oògùn yìí, nítorí abẹ́rẹ́ náà lè má ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ. Ìyẹn sì kúrò ní ọ̀rọ̀ ajá nìkan: Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú 100 èèyàn tí dìgbòlugi bá mú, ajá ló ń kó o ran nǹkan bíi 99.

Ọwọ́ dókítà ẹranko àti apòògùn ló yẹ kí àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀. Kò gba ìṣẹ́jú kan kí wọ́n kọ orúkọ oògùn sára àpòòwé, kí wọ́n kọ ọ́ pé ti ajá ni, kí wọ́n sì fi èdè Yorùbá kọ ọ́ pé kí aboyún má fọwọ́ kàn án. Èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ajá bá sàn tàbí tó bá kú, kí olájá má dà á sí ṣáláńgá tàbí ẹ̀bá kànga, kó má sì tọ́jú rẹ̀ de ajá mìíràn. Ilé ìwòsàn tó ti gbà á ni kó dá a padà sí.