Ohùn Kan, Àyè Mẹ́fà

Ní ìpàdé ìlú, ọ̀rọ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn bákan náà. Àwọn tó jókòó níwájú a máa fi ọwọ́ bo etí nítorí ariwo agbóhùnsókè, àwọn ìyá tó wà lábẹ́ àtíbàbà lẹ́yìn ilé a máa bi ara wọn léèrè pé, "Kí ni wọ́n wí?" Nígbà tí alága bá sì béèrè bóyá gbogbo ilé fara mọ́ ọn, àtẹ́wọ́ a dún láti ibi gbogbo, títí kan ibi tí ọ̀rọ̀ kò dé. A ti rí i ní Kétu, a ti rí i ní Ṣábẹ̀ẹ́, Àjàṣẹ́ náà kò yàtọ̀. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ lo ojú ewé wa lóṣù yìí láti sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kan, àti ihò kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ sónò kì í kà sí.

Ọmọ ìyá table de mixage ni ẹ̀rọ náà. Ó ń gba ohùn láti orísun mélòó kan, ó sì ń pín in sí oríṣiríṣi àyè, tí àyè kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n ohùn tirẹ̀. Gbọ̀ngàn lè gba ohùn tó mọ níwọ̀n, kí àgbàlá gba èyí tó lágbára, kí yàrá àwọn àgbà gba èyí tó rọlẹ̀, kí ilé ìdáná má sì gba nǹkan kan rárá. Inú yàrá tí a tì ni wọ́n sábà máa ń gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sí, jìnnà sí ẹni tó ń darí ìpàdé. Ibẹ̀ ni ihò ẹ̀yìn rẹ̀ ti wúlò.

RS-232 ni wọ́n ń pe ìlànà tó ń darí ihò náà. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbé e jáde ní ọdún 1960, ọdún kan náà tí Dahomey àti Tógò gba òmìnira. Liaison série ni Faransé ń pe irú ìsopọ̀ yìí, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ọ̀rọ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, bí èrò tó tò gba ẹnu ọ̀nà tóóró. Àwọn kan yóò ní ohun àtijọ́ ni. Òótọ́ ni, a kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀: kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, kì í sì í béèrè owó oṣù. Wáyà mẹ́ta péré ló tó o: ọ̀kan fún ẹnu, ọ̀kan fún etí, ẹ̀kẹta fún ilẹ̀. Ẹnu kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ dojú kọ etí ẹ̀rọ. Bí ẹnu bá dojú kọ ẹnu, ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́. Ìwé tó bá ẹ̀rọ wá ni yóò sọ bóyá wáyà tó lọ tààrà ni ẹ ó lò tàbí èyí tó gba ara rẹ̀ kọjá. Ẹ má jẹ́ kí ó gùn ju nǹkan bíi mítà 15 lọ. Kọ̀ǹpútà òde òní kì í sábà ní ihò yìí mọ́, ṣùgbọ́n wáyà tó ń so USB pọ̀ mọ́ ọn wà.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀rọ kan ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí Monoprice ń tà ní Amẹ́ríkà, tó ní àyè mẹ́fà; bí a bá so mẹ́ta pọ̀, wọ́n di àyè 18. Ìwọ̀n ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0 títí dé 38. Bí a bá fẹ́ kí àyè kìíní gba 15, ohun tí a ó kọ ránṣẹ́ ni <11VO15, kí a sì tẹ Entrée. 1 àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ, 1 kejì ni àyè, VO ni ìwọ̀n ohùn, 15 ni iye rẹ̀. Bí MU01 bá rọ́pò VO15, àyè náà yóò dákẹ́. MU00 yóò dá ohùn rẹ̀ padà. CH ni a fi ń yan orísun ohùn, láti 01 dé 06. Nọ́ńbà méjì ni iye gbọ́dọ̀ ní: 05 ni à ń kọ, kì í ṣe 5. Ọmọ tó mọ̀wé kà lè há gbogbo rẹ̀ sórí ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ẹ̀rọ mìíràn ní àṣẹ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ló ń fi lẹ́tà lásán sọ̀rọ̀ báyìí, tí ojú ènìyàn lè kà.

Bí onídùndún bá ṣi ohùn kan lù nínú oríkì, ẹni tó mọ oríkì náà yóò fi òye tún un ṣe. Ẹ̀rọ kò ní irú òye bẹ́ẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá ń sọ̀rọ̀ ní 19200 bíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí ẹ̀rọ sì ń gbọ́ ní 9600, ọ̀rọ̀ kàntankàntan ni yóò gbọ́, kò sì ní ṣe nǹkan kan. Ní 9600, àmì kọ̀ọ̀kan ń gba bíìtì 10: mẹ́jọ fún àmì fúnra rẹ̀, ọ̀kan láti kéde pé ó ń bọ̀, ọ̀kan láti kéde pé ó parí. Àṣẹ tí a kọ sókè yìí, pẹ̀lú Entrée, jẹ́ àmì mẹ́jọ. Ìrìn rẹ̀ kò tó ìdá 1 nínú 100 ìṣẹ́jú-àáyá.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa dì mú jù lọ ni ìbéèrè. Wáyà yìí kì í ṣe ti àṣẹ nìkan. Ẹ kọ ?11, ẹ̀rọ yóò sì dáhùn pẹ̀lú òǹkà gígùn kan, bíi #>1100010000150707100401. Ẹ pín in ní méjì-méjì: 11 ni àyè tí ẹ béèrè, 01 tó wà ní ipò kẹta ń sọ pé ó wà ní títàn, 15 tó wà ní ipò kẹfà ni ìwọ̀n ohùn. Ẹni tó ń pàṣẹ láìbéèrè dà bí ẹni tó ránṣẹ́ tí kò dúró gba èsì. Iná lè lọ kí ó sì padà. Àwọn ẹ̀rọ kan a máa rántí ibi tí wọ́n dúró sí, àwọn mìíràn kì í rántí. Ètò kékeré tí ẹ bá fi Python kọ lè máa béèrè ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú, kí ó sì dá ohun tó yí padà sí ipò rẹ̀. Ó tún lè kọ̀ jálẹ̀ bí ẹnìkan bá fẹ́ gbé ohùn iwájú kọjá iye tí ìpàdé fọwọ́ sí. Orúkọ bọ́tìnì orí kọ̀ǹpútà, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá: Gbọ̀ngàn, Àgbàlá, Àtíbàbà Àwọn Ìyá.

Síbẹ̀, 15 tí ẹ̀rọ dá padà, ipò tí òun fúnra rẹ̀ wà ló ń sọ. Bí wáyà tó lọ sí agbóhùnsókè àtíbàbà bá já, 15 náà ni yóò máa wí. Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnìkan lọ jókòó sórí àga tó jìnnà jù lọ, kí ó gbé ọwọ́ sókè bí ó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀.