Ọ̀nà Denmark Gba Osu Kọjá

Ọmọbìnrin kan wà ládùúgbò wa níbí ní Osu, nílùú Accra, tí yunifásítì kan ní orílẹ̀-èdè Denmark ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wọlé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó wá jókòó tì mí níwájú ilé, ó ní: “Àǹtí, iṣẹ́ yín ni kẹ́ ẹ máa kọ̀wé nípa ìlú àwọn èèyàn. Irú ibo tiẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Denmark?”

Ìbéèrè náà pa mí lẹ́rìn-ín. Orúkọ àwọn ará Denmark ni orúkọ ìdílé tiẹ̀ gan-an! Ó ti pẹ́ gan-an tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ń jẹ́ ẹ ní Osu, àmọ́ kò sí ìkankan lára wọn tó tíì dé ọ̀hún rí. Ohun tí mo sọ fún un ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin náà lọ́sẹ̀ yìí.

Ilẹ̀ Tí Òkun Yí Ká

Àríwá ilẹ̀ Yúróòpù ni Denmark wà. Apá kan ilẹ̀ náà, tí wọ́n ń pè ní Jutland, so mọ́ orílẹ̀-èdè Jámánì. Erékùṣù ni ìyókù, wọ́n sì lé ní 400, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèyàn ò gbé lórí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Copenhagen ni olú ìlú wọn. Gbogbo àwọn tó ń gbé lórílẹ̀-èdè náà jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́fà, ìyẹn ò sì fi bẹ́ẹ̀ ju àwọn tó ń gbé ní Accra àtàwọn ìlú tó yí i ká lọ.

Tẹ́ ẹ bá ń retí òkè gíga, ẹ ò ní rí i. Ibi tó ga jù lọ nínú ilẹ̀ wọn kò tó mítà 171. Òkè Aburi tó wà lẹ́yìn Accra níbí ga ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Òkun lẹ máa rí, torí pé ibikíbi tẹ́ ẹ bá wà ní Denmark, kò lè jìn sí yín ju nǹkan bíi kìlómítà 50 lọ. Láyé àtijọ́, atẹ́gùn òkun yẹn ló ń gbé ọkọ̀ ojú omi wọn. Lónìí, òun ló ń yí àwọn ẹ̀rọ gàgàrà tó ń pèsè nǹkan bí ìdajì iná mànàmáná tí wọ́n ń lò.

Àmọ́ oòrùn ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ ya àlejò láti Accra lẹ́nu. Níbí, kò sígbà tí oòrùn kì í yọ ní nǹkan bí aago mẹ́fà àárọ̀, kó sì wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ní Copenhagen, tó bá di ìparí oṣù June, aago mẹ́wàá alẹ́ máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ lù kí oòrùn tó wọ̀. Ní ìparí December ẹ̀wẹ̀, aago mẹ́jọ àbọ̀ àárọ̀ ti máa ń kọjá kó tó yọ, kò sì ní tíì tó aago mẹ́rin tó fi máa wọ̀. Ẹ̀wù òtútù ṣe pàtàkì o, àmọ́ ó tún yẹ kéèyàn múra ọkàn sílẹ̀ de òkùnkùn.

Bí Wọ́n Ṣe Ń Gbé

Kẹ̀kẹ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gùn lọ síbi iṣẹ́ ní Copenhagen, àtolówó àti mẹ̀kúnnù, kódà nígbà òtútù. Kẹ̀kẹ́ ní ọ̀nà tiẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹni tó bá sì ń fẹsẹ̀ rìn níbẹ̀ máa gbọ́ aago létí! Búrẹ́dì dúdú tó le dáadáa ni wọ́n sábà máa ń jẹ lọ́sàn-án. Wọ́n á to ẹja, ẹyin tàbí ẹran sórí ẹyọ kan, wọn ò sì ní fi òmíì bò ó. Smørrebrød ni wọ́n ń pè é.

Ohun kan máa ṣòro fún ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Osu tàbí ní Ìbàdàn. Orúkọ àbísọ ni wọ́n máa ń pe ara wọn, kódà akẹ́kọ̀ọ́ lè pe olùkọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn ò kà á sí àrífín. Síbẹ̀, ẹ má rò pé wọn ò mọ̀lẹ́bí. Ìyá ìyá ẹni ni wọ́n ń pè ní mormor, ìyá bàbá ẹni sì ni farmor.

Àwọn Ọba Wọn

Ọba wọn kan wà nínú fóònù yín. Harald Bluetooth lorúkọ rẹ̀, ó sì jọba ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ó gbé òkúta ńlá kan kalẹ̀ nílùú Jelling ní ìrántí bàbá àti ìyá rẹ̀, òkúta náà ṣì wà níbẹ̀ dòní. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ tí fóònù méjì fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ láìsí wáyà ló sọ ọ́ lórúkọ rẹ̀, àmì tẹ́ ẹ sì ń rí lójú fóònù yín jẹ́ lẹ́tà méjì tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ nínú ọ̀nà ìkọ̀wé àtijọ́ wọn.

Christian Kẹrin, tó kú lọ́dún 1648, la fẹ́ kẹ́ ẹ fiyè sí jù. Ó fẹ́ràn ilé kíkọ́ gan-an. Òun ló kọ́ ilé gogoro rìbìtì kan sí Copenhagen, èyí tí wọ́n parí lọ́dún 1642, táwọn àlejò ṣì ń gùn títí dòní. Orúkọ ọba yìí kan náà ni àwọn ará Denmark sọ ilé olódi tí wọ́n kọ́ sí etíkun Osu lẹ́yìn tí wọ́n gba ilẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1661. Christiansborg ni wọ́n pè é, ìyẹn ilé olódi Christian.

Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ ní Osu

Wúrà ni wọ́n kọ́kọ́ wá rà. Nígbà tó yá, èèyàn ni. Ó lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún (100,000) ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tí ọkọ̀ òkun wọn kó sọdá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn bá ara wọn nínú oko ìrèké ní erékùṣù St. Croix àti St. Thomas, ṣúgà tí wọ́n fi òógùn wọn ṣe sì ń lọ sí Copenhagen. Denmark ṣòfin lọ́dún 1792 pé kí òwò náà dópin, àmọ́ ọdún 1803 ni òfin náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn tó wà lóko ìrèké ò sì gba òmìnira títí di ọdún 1848.

Àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ò kàn káwọ́ gbera o. Lọ́dún 1693, Asameni, ará Akwamu, fọgbọ́n wọ ilé olódi náà bí ẹni tó fẹ́ ra ìbọn, òun àtàwọn èèyàn rẹ̀ sì gbà á. Nígbà táwọn ará Denmark sanwó gbà á pa dà, kò dá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ pa dà fún wọn. Ó ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ará Akwamu dòní.

Lọ́dún 1850, Denmark ta gbogbo ilé olódi wọn níbí fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní £10,000, wọ́n sì lọ. Orúkọ wọn ò bá wọn lọ. Àwọn oníṣòwò àti sójà wọn ti bímọ fáwọn obìnrin Osu. Ibẹ̀ ni orúkọ bíi Quist, Richter àti Reindorf ti wá. Emmanuel Quist ló jẹ́ abẹnugan ilé aṣòfin Ghana nígbà òmìnira lọ́dún 1957. Carl Christian Reindorf sì kọ ìwé ìtàn ilẹ̀ yìí jáde lọ́dún 1895. Ká má sì parọ́, àwọn kan nínú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ di olówó nídìí òwò ẹrú yẹn kan náà.

Ohun Tó Máa Gbé Dání Lọ

Bí mo ṣe sọ ibi tá a dé yìí, ọmọ náà dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an: “Tí wọ́n bá wá bi mí níbi tí mo ti rí orúkọ wọn ńkọ́?”

Mo ní kó sọ bó ṣe jẹ́ fún wọn, láìbínú, láìtijú. Tó bá dé etí omi Copenhagen, kó wá ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ tí wọ́n ń kó ṣúgà àwọn erékùṣù yẹn sí, kó dúró níwájú rẹ̀ díẹ̀. Kó gun ilé gogoro ọba Christian náà, torí ó rẹwà. Bí ọmọdé ò bá mọ ibi tó ń lọ, ó yẹ kó mọ ibi tó ti ń bọ̀.

Mo wá sọ èyí tó pa á lẹ́rìn-ín fún un. Wọ́n máa mú un lọ wo Christiansborg tiwọn ní Copenhagen, níbi tí ilé aṣòfin wọn wà. Ọba míì tó ń jẹ́ Christian ló kọ́kọ́ kọ́ ọ, ó sì ti lé ní àádọ́rin ọdún tí Christiansborg ti wà ní Osu kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti ẹ̀ jọ rìn lọ sí etíkun, títí a fi rí ògiri funfun ilé olódi náà. Ojoojúmọ́ ló ń rí i látìgbà tí wọ́n ti bí i. Ó wò ó fúngbà díẹ̀, ó wá ní: “Àǹtí, ṣé tiwa ni ẹ̀gbọ́n lóòótọ́?”

Mo ní: “Bẹ́ẹ̀ ni. Ìwọ ṣáà máa sọ fún wọn.”