Oríkì Nínú Orin Arẹmọlẹ́kún

Ní 1978 ni ìjọba pa orin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà àkọ́kọ́ tì. Ní 2024, wọ́n tún gbé e padà. Kò pẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fi há a sórí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi wọ́n léèrè oríkì orílẹ̀ wọn, kẹ́kẹ́ pa mọ́ wọn lẹ́nu.

Orin arẹmọlẹ́kún ni àwọn ìyá wa fi ń gbin ìfẹ́ ìlú sọ́mọ lọ́kàn. Ọmọ Ọ̀fà tó ń sunkún á gbọ́ nípa ìjàkadì, ọmọ Oníkòyí á gbọ́ nípa ogun, kí oorun tó gbé e lọ. Kò tíì mọ ọ̀nà ilé, ó ti mọ̀ pé òun nílé. Àwa olùkọ́ ló sọ ọ́ di ìbéèrè ìdánwò lásán. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ gba tirẹ̀ wá lẹ́nu ìyá rẹ̀, kí a tó fún un ní máàkì.