Àwọn ọ̀dọ́ olórin Ireland sọ orin àtijọ́ di ọ̀tun: okìkí wọn kàn, àmọ́ owó kò bá okìkí dọ́gba

Nínú oṣù kẹwàá, ọdún 2024, ní ìlú London, wọ́n ta gìtá àlòkù kan tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti bó tán ní gbàǹjo, owó tí wọ́n san lórí rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 890,000 pọ́n-ùn. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn gìtá náà lè rò pé orí àwọn tó ń náwó ọ̀hún kò pé. Rory Gallagher, ògbóǹtarìgì olórin ọmọ Ireland tó kú ní ọdún 1995, ló ni ín. Ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn ló rà á ní ṣọ́ọ̀bù kan ní ìlú Cork ní ọdún 1963, nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ ọdún 15. Àwọn olè jí i gbé nígbà kan ní Dublin, inú kòtò ni wọ́n ti padà rí i. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣètò òde eré orin ló rà á ní gbàǹjo yẹn, wọ́n sì fi ta ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba Ireland lọ́rẹ. Kò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí wọ́n ṣí aṣọ lójú ère ọkùnrin yìí kan náà níwájú gbọ̀ngàn Ulster Hall ní Belfast.

Ọ̀rọ̀ ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ibi tí wọ́n ti ń fi irú owó bẹ́ẹ̀ dá olórin tó ti kú lọ́lá, kí ni wọ́n ń ṣe fún àwọn ọmọ tó wà láàyè tó ń kọ irú orin yẹn kan náà? Àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wà, wọn kò sì fara pamọ́.

Ẹgbẹ́ The Strypes ni àpẹẹrẹ tó hàn jù. Ní ọdún 2011 ni àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Cavan, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí ààlà Northern Ireland. Ross Farrelly ń kọrin, ó sì ń fun hàmóníkà. Josh McClorey ń ta gìtá. Pete O'Hanlon wà nídìí gìtá olóhùn ìsàlẹ̀. Evan Walsh sì ni onílù. Orin tí wọ́n yàn láàyò kì í ṣe orin tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń gbọ́ rárá. Blues tí àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ń kọ ní Chicago nígbà tí wọn kò tíì bí òbí àwọn ọmọ wọ̀nyí ni, pẹ̀lú bí àwọn ọ̀dọ́ London ṣe sáré yí i padà di rock ní nǹkan bí ọdún 1964. Láti inú àwo orin àwọn òbí wọn nílé ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Ní ọdún 2012, wọ́n gbé àwo kékeré kan jáde tí wọ́n pè ní Young, Gifted & Blue, ó sì gba ipò kìíní láàárín àwọn orin blues tí iTunes ń tà. Kí ọdún yẹn tó parí, ilé-iṣẹ́ Elton John tó ń ṣe alámòójútó fún àwọn olórin ti gbà wọ́n mọ́ra, Mercury náà sì ti bá wọn tọwọ́ bọ̀wé. Farrelly kò ju ọmọ ọdún 15 lọ nígbà náà. Chris Thomas, tó ti bá Pink Floyd àti Sex Pistols ṣiṣẹ́, ló ṣe àbójútó Snapshot, àwo ńlá wọn àkọ́kọ́, tó jáde ní oṣù kẹsàn-án, ọdún 2013. Lọ́dún yẹn kan náà ni Arctic Monkeys mú wọn rìn káàkiri Britain, àwọn ló ń ṣíde eré fún wọn.

Bí okìkí wọn ti ń kàn ni àwọn alárìíwísí náà ń gbẹ́nu lé wọn. Wọ́n ní àfarawé lásán ni, pé àwọn ọmọ tí kò tíì san owó ilé rí, tí ìyá wọn ṣì ń se oúnjẹ fún, kò lẹ́nu orin ìbànújẹ́. Wọ́n ní kóòtù dúdú àti irun tí wọ́n gẹ̀ bíi ti ayé àtijọ́, eré orí ìtàgé ni. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò pe ara wọn ní ẹni tó dá ohun tuntun sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń bá wọn wí rántí pé nígbà tí Rolling Stones bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1962, ọmọ London tó jẹ́ pé inú rẹ́kọ́ọ̀dù ni wọ́n ti gbọ́ blues ni àwọn náà, wọn kò fojú rí oko òwú Mississippi. Bí ẹ̀sùn àfarawé bá máa bá ẹnikẹ́ni, kó tó kan Cavan, ó yẹ kó ti kọ́kọ́ ya ilé àwọn bàbá olówó wọ̀nyẹn.

Láàárín àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ẹrú ní gúúsù Amẹ́ríkà ni blues ti hù jáde ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ó máa ń wu àwọn ọmọ Yorùbá kan láti sọ pé ilé àwọn ló ti lọ. Ìwádìí kò gbè wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Gerhard Kubik, ọ̀mọ̀wé ọmọ Austria, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ Africa and the Blues, tó jáde ní ọdún 1999, pé àwọn tí ohùn àti ohun èlò olókùn wọn bá blues tan jù ni àwọn ará ilẹ̀ ọ̀dàn, láti Mali gba ilẹ̀ Haúsá lọ dé Cameroon. Cuba àti Brazil ni ìlù àti orin òrìṣà Yorùbá ti fìdí múlẹ̀ ní tirẹ̀.

Báwo wá ni orin yìí ṣe di ohun tí ọmọ Ireland ń jogún? Àlàyé tó wọ́pọ̀ jù ni pé ìyà ló pa wọ́n pọ̀: pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì jọba lé Ireland lórí, pé ìyàn ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1845 pa nǹkan bí mílíọ̀nù kan èèyàn níbẹ̀, pé ẹni tí ìyà ti jẹ ló máa ń mọ orin ìyà kọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́, àmọ́ kò tán. Ìyà kò ṣọ̀wọ́n láyé, kì í sì í ṣe gbogbo ibi tó dé ni wọ́n ti ń ta gìtá bíi ti Muddy Waters.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an kò ṣòro láti tọpasẹ̀. Rédíò ni àkọ́kọ́. Gallagher gbọ́ blues lórí rédíò tí Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní Yúróòpù, ó sì tún gbọ́ ọ láti Luxembourg. Èkejì ni èbúté. Belfast jẹ́ ìlú tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi. Bàbá Van Morrison ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó ti lọ sí Detroit rí, àwo orin adúláwọ̀ tó kó jọ sínú ilé rẹ̀ sì pọ̀ ju ti gbogbo aládùúgbò lọ. Láti inú ilé yẹn ni Van Morrison ti jáde, tó fi bá ẹgbẹ́ Them kọrin ní Maritime Hotel, Belfast, ní ọdún 1964. Ẹ̀kẹta ni àwọn ẹgbẹ́ olórin alákòóso ijó tí wọ́n ń pè ní showband. Lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, àwọn wọ̀nyí lè kọ oríṣiríṣi orin tó ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà fún àwọn tó wá jó ní gbọ̀ngàn. Inú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Gallagher ti kọ́ṣẹ́ ní kékeré.

Àwọn àgbà adúláwọ̀ pàápàá kò fojú àlejò wo ọmọ yìí. Nígbà tí Muddy Waters wá gba ohùn orin rẹ̀ sílẹ̀ ní London ní oṣù kejìlá, ọdún 1971, Gallagher wà lára àwọn tó ta gìtá fún un. Ìrìnàjò orin yìí tiẹ̀ kan Èkó díẹ̀: Taste, ẹgbẹ́ Gallagher, wà lára àwọn tó ṣíde eré ìdágbére Cream ní London ní oṣù kọkànlá, ọdún 1968, Ginger Baker, onílù Cream, ló sì wá bá Fela Kuti ṣe àwo orin ní ọdún 1971, tó tún kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ sí Ìkẹjà lẹ́yìn náà.

Kò ṣeé sọ nípa ère Belfast kéèyàn má dárúkọ ogun abẹ́lé. Nínú oṣù keje, ọdún 1975, àwọn agbébọn dá ọkọ̀ ẹgbẹ́ Miami Showband dúró lójú ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń ti òde eré bọ̀, wọ́n sì pa mẹ́ta nínú àwọn olórin náà. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ olórin ìlú òkèèrè kò wá sí Belfast mọ́ láwọn ọdún ìbọn àti bọ́ǹbù yẹn, kò sì sẹ́ni tó lè dá wọn lẹ́bi. Gallagher kò ṣíwọ́. Ó ń wá kọrin ní Ulster Hall, Kátólíìkì àti Pùròtẹ́sítáǹtì sì ń jókòó pọ̀ gbọ́ ọ. Ìdí rèé tí wọ́n fi gbé e dúró síbẹ̀.

Ìyẹn ni ogún tí The Strypes bá. Wọ́n gbé àwo mìíràn jáde, Little Victories, ní ọdún 2015, wọ́n tún gbé Spitting Image jáde ní ọdún 2017. Bí àwo ti ń tẹ̀lé àwo ni blues ń dín kù nínú orin wọn. Ní oṣù kọkànlá, ọdún 2018, wọ́n kéde pé ẹgbẹ́ náà ti tú ká. Ọdún méje péré ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí ìkankan nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó tíì pé ọmọ ọdún 30.

Ẹni tó bá ń wo òwò orin lóde òní kò ní wò ó bí ohun àràmàǹdà. Owó tí ilé-iṣẹ́ ńlá ń fún olórin nígbà tí wọ́n bá tọwọ́ bọ̀wé, gbèsè ni. Inú èrè tó yẹ kó jẹ́ ti olórin ni wọ́n ti ń yọ ọ́ padà. Owó táṣẹ́rẹ́ ni gbígbọ́ orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń mú wá, èèyàn mẹ́rin sì gbọ́dọ̀ pín in. Epo ọkọ̀, ilé ìtura, owó àwọn tó ń gbé ẹrù, kò sí èyí tó dúró de orin tó tà. Ti olórin àtijọ́ tún yàtọ̀: orin ẹlòmíràn tó bá tún kọ, ẹni tó ni ín tàbí àwọn àrólé rẹ̀ ló ni owó ẹ̀tọ́ orí rẹ̀. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Willie Dixon, tó kọ orin You Can't Judge a Book by the Cover tí The Strypes tún gbé jáde, ní láti gbé Led Zeppelin lọ sílé ẹjọ́ ní ọdún 1985 lórí orin rẹ̀ mìíràn kí wọ́n tó yanjú ọ̀rọ̀ owó pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn ọmọ Cavan kò gba ọ̀nà ẹ̀bùrú yẹn, orúkọ Dixon wà lára àwo wọn.

Àwọn mìíràn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. The Answer, láti County Down, tó rìn káàkiri àgbáyé pẹ̀lú AC/DC ní ọdún 2008 àti 2009, sinmi fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó gbé àwo Sundowners jáde ní ọdún 2023. Àwọn ọmọbìnrin Dea Matrona ní Belfast, ẹ̀bá títì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, tí àwọn tó ń kọjá ń ju owó sílẹ̀ fún wọn. Àwo ńlá wọn àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 2024. Hozier, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ onílù blues ní Dublin, ló rọ́wọ́ mú jù, orin rẹ̀ Too Sweet sì gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2024. Àmọ́ olórin àdáṣe ni Hozier. Àwọn tó ń tà lóde òní, ẹni kan ṣoṣo ló pọ̀ jù nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ ni irú rock yìí nílò kó tó dùn.

Ìjọba Ireland kò kúkú káwọ́ gbera. Ní ọdún 2022 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán ètò kan wò, èyí tí wọ́n fi san 325 yúrò lọ́sẹ̀ fún 2,000 èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ ọnà, olórin wà lára wọn. Ní oṣù kẹwàá, ọdún 2025, wọ́n kéde pé ètò náà yóò di ohun tí yóò dúró láti ọdún 2026. Iṣẹ́ ńlá ni, àwọn orílẹ̀-èdè tó tíì dán irú rẹ̀ wò kò pọ̀. Ihò tó wà nínú rẹ̀ náà kò sì kéré. Àwọn olùgbé Ireland olómìnira nìkan ló wà fún, nítorí náà ọmọ Belfast tó ń kọrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère Gallagher kò sí níbẹ̀. Abẹ́ ìjọba Britain ni tirẹ̀ wà. Àwọn tó kúnjú òṣùwọ̀n nígbà àkọ́kọ́ ju 8,000 lọ, ìbò ni wọ́n sì fi yan àwọn 2,000. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe ẹgbẹ́. Nínú olórin mẹ́rin tó ń ta gìtá pọ̀, ìbò lè mú ẹni tó ń lùlù kó sì fi àwọn mẹ́ta yòókù sílẹ̀, kí onílù máa gba owó lọ́sẹ̀ nígbà tí àwọn tó yẹ kó bá a ṣeré bá ń wá iṣẹ́ alẹ́ kiri.