Ọmọ Tó Dákẹ́ ní Kíláàsì Kì í Ṣe Olódo



Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ní Èjìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí a bí sí Àbíjàn ní Kotidifuà, tí a wá dá padà sílé láti kàwé, ni mo gbé wá. Kò sí àdúgbò tí wọn ò sí. Faransé ló yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu, àwọn mìíràn gbọ́ Júlà mọ́ ọn. Yorùbá wọn mọ níwọ̀n èyí tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ìyá, Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ń kọ́ni níbí kò sì yé wọn. Tíṣà bi ọmọ ní ìbéèrè, ọmọ dákẹ́. Ohun tó sábà máa ń tẹ̀lé e ni pé a óò mú ọmọ ọdún 11 lọ jókòó sáàárín àwọn ọmọ ọdún 7. Kò ní pẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi sọ ọ́ lórúkọ tí yóò máa tẹ̀lé e dé ọjà.

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: ohun tí à ń ṣe yìí kò dára. Ọmọ tí kò gbọ́ èdè tí a fi ń kọ́ ọ kì í ṣe olódo, ọmọ tí ọkàn rẹ̀ ń dà láàmú kì í sì í ṣe olóríkunkun. Ìtọ́jú ọkàn àti ọpọlọ tó yẹ kí ilé-ìwé ṣe gbọ́dọ̀ kan gbogbo ọmọ: ọmọ onílẹ̀, ọmọ Àbíjàn, ọmọ Fúlàní inú gáà, ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ oko tó ti Bẹ́núé wá. Ó sì gbọ́dọ̀ kàn wọ́n ní èdè tí kálukú wọn gbọ́.

Ẹ wo ohun tí ọmọ bẹ́ẹ̀ ń rù kiri. Ó fi bàbá àti ìyá sílẹ̀, ó wá ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà tí fóònù nìkan ló ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní Àbíjàn, Ànàgó ni wọ́n ń pè é, wọ́n ní àlejò ni. Ó délé, a tún ní ọmọ Kotidifuà ni. Àwọn àgbà wa kò tíì gbàgbé bí ìjọba Ààrẹ Bédié ní Kotidifuà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ya onílẹ̀ sọ́tọ̀ sí àlejò láàárín àwọn ọdún 1990, bí ogun ṣe bẹ́ ní 2002, àti bí ìjà tó tẹ̀lé ìbò 2010 ṣe pa ènìyàn bí 3,000 kí ó tó rọlẹ̀ ní 2011. Àwọn ènìyàn wa sá wálé lákòókò náà, wọ́n sì kó ọmọ dání. Ta ló bi àwọn ọmọ yẹn léèrè ohun tí ojú wọn rí? A bá wọn wá yúnífọ́ọ̀mù, a rò pé ó parí.

Ọmọdé kì í sọ pé ọkàn òun bàjẹ́. Orí ló máa ní ó ń fọ́ òun, tàbí inú ló ń run òun. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé lẹ́yìn tó ti ṣíwọ́ rẹ̀ tipẹ́. Yóò máa jà, tàbí kí ó sùn lé tábìlì láti àárọ̀. Pàṣán la fi ń dá a lóhùn, tàbí kí a gbé e lọ sílé àdúrà pé ayé ń ṣe é. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí àdúrà. Ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì tún bá ọmọ náà sọ̀rọ̀.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé àwa aláwọ̀ dúdú ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí wọ́n ti fi irú rẹ̀ jẹ wá níyà. Ní 1953, àjọ ìlera àgbáyé tẹ ìwé J. C. Carothers jáde, dókítà òyìnbó tó ṣiṣẹ́ ní Kẹ́ńyà, tó kọ ọ́ pé aláwọ̀ dúdú kì í lo iwájú ọpọlọ rẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Ọmọ Abẹ́òkúta kan, Thomas Adéoyè Lámbò, fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ já irú èrò bẹ́ẹ̀ nírọ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò láti 1954: ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn, ẹbí wà lọ́dọ̀ wọn, àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà sì dá sí i. Ní 1971, Bernard Coard, tíṣà ọmọ Grenada tó ń ṣiṣẹ́ ní London, kọ̀wé tú àṣírí bí wọ́n ṣe ń kó àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú láti Caribbean lọ sí ilé-ìwé àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ nílé yàtọ̀, ìdánwò tí wọ́n fi dán wọn wò kò bá wọn mu, àwọn tíṣà kò sì retí ohun gidi lọ́wọ́ wọn. Bí a bá gbọ́ irú èyí, inú máa ń bí wa. Àwa náà ńkọ́? Lóòótọ́, kì í ṣe àwọ̀ ara la fi ń ya ọmọ sọ́tọ̀ ní Èjìgbò, èdè àti ibi tí a bí i sí ni. Ẹkún tí ọmọ náà ń sun kò yàtọ̀.

Àwọn kan á ní, ọmọ onílẹ̀ gan-an kò rí ìtọ́jú, kí ló dé tí a ó fi máa wá ti àlejò? Ibi tí ìjà mi wà gan-an nìyẹn: gbogbo ọmọ ló yẹ kó rí i, onílẹ̀ àti àlejò. Láti 1959 ni àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn Kátólíìkì ti bẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ràn fún akẹ́kọ̀ọ́ ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, n'Íbàdàn. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí ti 1977 sọ pé kí kańsẹ́lọ̀ wà nílé-ìwé. Ẹ lọ wò ó ní ilé-ìwé tó wà ládùúgbò yín, kí ẹ bèèrè yàrá kańsẹ́lọ̀. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003, ní abala rẹ̀ kẹwàá, kọ̀ kí a fi ẹ̀yà tàbí ìlú tí ọmọ ti wá rẹ́ ẹ jẹ. Ní oṣù kìn-ín-ní 2023 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tó rọ́pò òfin wèrè ayé àwọn òyìnbó. Òfin ti pọ̀ tó, ẹni tí yóò jókòó ti ọmọ la ò tíì rí.

Ká má tan ara wa, dókítà ọpọlọ tó wà ní Nàìjíríà kò pọ̀ rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 200, àwọn tó mọ ti ọmọdé sì tún kéré sí i. Àjọ ìlera àgbáyé ní ìdajì àìsàn ọpọlọ ló ti ń bẹ̀rẹ̀ kí ènìyàn tó pé ọdún 14. Yunifásítì Ìbàdàn ní ibùdó tó ń kọ́ni nípa ìlera ọpọlọ ọmọdé, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olayinka Omigbodun ti ṣiṣẹ́ takuntakun. Bí ìjọba Ọ̀ṣun bá fẹ́ kí a kọ́ àwọn tíṣà wa láti dá àmì àìsàn ọpọlọ mọ̀, Ìbàdàn kò jìnnà.

Èjìgbò sì ní ohun tí ọ̀pọ̀ ìlú ń wá. Àwọn ìyá tó tajà ní Treichville àti Adjamé l'Ábíjàn títí tí wọ́n fi darí wálé, tí wọ́n gbọ́ Faransé àti Júlà yékéyéké, wọ́n wà nílé báyìí. Ẹ jẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ àti ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Èjìgbò tó wà lókè òkun san owó díẹ̀ fún wọn, kí nọ́ọ̀sì kọ́ wọn bí a ṣe ń tẹ́tí sí ọmọ àti bí a ṣe ń pa àṣírí mọ́. Kí wọ́n fi Faransé dán ọmọ wò nínú ìṣirò àti ìwé kíkà kí a tó yan kíláàsì fún un. Kí a wá ẹni tó gbọ́ Fúlàní fún ọmọ inú gáà, kí a sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ Bẹ́núé. Àwọn olùrànlọ́wọ́ yìí kì í ṣe dókítà: bí ọmọ bá ní ó wu òun kí òun kú, lọ́jọ́ náà gan-an ni kí alágbàtọ́ rẹ̀ àti tíṣà gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí ìjọba ìbílẹ̀ sì san owó ọkọ̀ bó bá di pé Òṣogbo ni wọ́n ń lọ.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ìpàdé òbí àti olùkọ́ kí sáà tuntun tó wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Faransé, tí ẹ sì lè yọ̀ǹda ọ̀sán ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, ẹ lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé tó súnmọ́ yín lọ́jọ́ Ajé, kí ẹ fi orúkọ sílẹ̀.