Ẹ Ri Páìpù Kí Ẹ Tó Da Ọ̀dà: Lẹ́tà sí Àwọn Tó Ń Pète Ìlú láti Lẹ́kkí dé Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin onímọ̀ ẹ̀rọ, ẹ̀yin tó ń ya àwòrán ìlú, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń buwọ́ lu ìwé àṣẹ ìkọ́lé, àti ẹ̀yin oníléeṣẹ́ tó ń gé ilẹ̀ tà láti Lẹ́kkí títí dé Ẹ̀pẹ́, ẹ̀yin ni mo kọ lẹ́tà yìí sí.

Ẹjọ́ tí mo gbé wá kò díjú. Lójú ọ̀nà wa yìí, ilẹ̀ la kọ́kọ́ ń tà. Lẹ́yìn náà a ó kó iyanrìn dí àbàtà, a ó la títì, a ó da ọ̀dà sí i, a ó kọ́lé, àwọn èèyàn á kó ẹrù wọn wọlé. Ìgbà tí sókáwéè, kòtò tí omi ìdọ̀tí ilé ń gbà wọlẹ̀, bá kún lójò àkọ́kọ́ la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bi ara wa pé níbo ni omi tí gbogbo wọn ń lò yóò gbà lọ. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ṣẹ́ yìí mọ̀ pé òdì ni a ń ṣe é. Ibi tí omi yóò gbà jáde, ibi tí a ó ti fọ̀ ọ́, àti ẹni tí yóò tún un lò ló yẹ kó ṣáájú, torí pé bí ọ̀dà bá ti gbẹ lórí títì, ó di kí a máa fọ́ ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe.

Ẹ wo irú ilẹ̀ tí a wà lórí rẹ̀. Bí èèyàn bá kọjú sí Ẹ̀pẹ́, òkun wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀sà wà lọ́wọ́ òsì, iyanrìn ló wà láàárín. Lọ́pọ̀ ibi, bí ẹ bá gbẹ́ ilẹ̀ dé orúnkún lásìkò òjò, omi lẹ ó bá. Síbẹ̀, irú sókáwéè tí wọ́n ń gbẹ́ ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, níbi tí omi abẹ́ ilẹ̀ ti jìn ju tiwa lọ, náà lẹ ń buwọ́ lù fún wa. Ohun tó ń mú sókáwéè ṣiṣẹ́ ni ilẹ̀ gbígbẹ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ yẹn ló ń sẹ́ omi náà díẹ̀díẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ á sì jẹ ìdọ̀tí náà kó tó kan omi tí à ń mu. Níbi tí kò bá ti sí ilẹ̀ gbígbẹ, ìgbẹ́ ló ń wọnú omi abẹ́ ilẹ̀ tààrà.

Orí pulọ́ọ̀tì kan náà tí sókáwéè yìí wà, ẹsẹ̀ bàtà 60 níbùú àti 120 lóròó, ni kànga ẹ̀rọ náà wà. Àwọn mìíràn ti tún gé pulọ́ọ̀tì yẹn sí méjì. Ẹni tó gbé kànga rẹ̀ jìnnà sí sókáwéè tirẹ̀ lè ṣèèṣì gbé e sún mọ́ ti aládùúgbò. Ẹ máa ń gbà wá níyànjú pé ká se omi ká tó mu ún. Òótọ́ ni pé sísè ń pa kòkòrò. Ṣùgbọ́n náítíréètì tó ń ti ara ìgbẹ́ àti ìtọ̀ wá kì í kú sórí iná. Bí omi ṣe ń fà nínú ìkòkò ló ń ki sí i nínú èyí tó kù. Ìkókó tí wọ́n fi irú omi bẹ́ẹ̀ po oúnjẹ fún ló ń fara gbá a jù, torí ó ń dí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ láti gbé atẹ́gùn káàkiri ara. Kòkòrò náà kò sì tíì fi wá sílẹ̀: nígbà tí àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó lóṣù kẹfà ọdún 2024, Etí-Ọ̀sà tiwa wà lára àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ.

Ewu kejì kò ní òórùn, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi pariwo rẹ̀. Omi tí kò níyọ̀ tó wà lábẹ́ iyanrìn wa ń léfòó lórí omi òkun tó ti yọ́ wọ abẹ́ ilẹ̀, nítorí omi iyọ̀ wúwo jù ú lọ. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn onímọ̀ ti ṣírò rẹ̀: bí omi aláìníyọ̀ bá fi ẹsẹ̀ bàtà 1 ga ju òkun lọ, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 40 irú rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀. Bí a bá wá fà á títí tó fi wálẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 1 yẹn, omi iyọ̀ lè gòkè wá ní 40. Gbogbo ilé tó ní kànga ẹ̀rọ lójú ọ̀nà yìí ló ń fà á, tọ̀sán-tòru. A ń fà á, a ń lò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a ń da púpọ̀ nínú rẹ̀ sí gọ́tà, gọ́tà ń gbé e lọ sọ́sà. Kò sẹ́ni tó ń fọ̀ ọ́ kó tó dá a padà sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹ́sítéètì kan ní ilé 500, tí èèyàn 6 ń gbé ilé kọ̀ọ̀kan, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lo lítà 100 lójúmọ́. Lítà 300,000 nìyẹn. Ìṣirò tí ẹ̀yin fúnra yín fi ń ṣiṣẹ́ ni pé nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 omi tó wọlé ló ń jáde padà ní omi ìdọ̀tí, ìyẹn lítà 240,000. Táńkà tó ń gba lítà 10,000 yóò lọ, yóò bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlélógún lójúmọ́ kó tó kó o tán, nítorí ẹ́sítéètì kan péré. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Ìdó ni àwọn táńkà Èkó ń lọ tú u sí, sínú ọ̀sà tí àwọn apẹja ń ju àwọ̀n sí. Lórí títì kan náà, táńkà mìíràn ń gbé omi mímọ́ bọ̀ wá tà fún ẹ́sítéètì yẹn. Ẹ̀yin náà ń rí táńkà méjèèjì bí wọ́n ti ń pàdé nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ní Ajáh. Kí ló dé tí wọn kò tíì pàdé nínú àwòrán yín?

Mo mọ èsì tí ẹ máa ń fún wa. Ẹ ní kí ẹ́sítéètì kọ̀ọ̀kan ra ẹ̀rọ tirẹ̀ tí yóò máa fọ omi ìdọ̀tí rẹ̀. Orí èyí gan-an ni ìjà mi dúró lé, torí ó ti wá di àṣà, ó sì jọ ojútùú lójú ẹni tí kò bá sún mọ́ ọn. Ohun alààyè ló ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ wọ̀nyẹn: kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ìdọ̀tí, tí a sì gbọ́dọ̀ máa fẹ́ atẹ́gùn sí láìdáwọ́ dúró. Bí iná bá lọ, tí díísù tán, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Kí wọ́n tó pọ̀ padà dé iye tó lè ṣiṣẹ́, ó lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹni tó kọ́ ẹ́sítéètì ti ta ilé tán, ó ti lọ. Ẹgbẹ́ àwọn onílé ló kù sídìí ẹ̀rọ: agbẹjọ́rò, oníṣòwò, òṣìṣẹ́ báǹkì, tí ìkankan nínú wọn kò kọ́ṣẹ́ náà. Nígbà tí owó díísù wá gòkè, ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kì í lọ wò ni wọ́n kọ́kọ́ pa. Mo mọ ẹ́sítéètì kan ládùúgbò wa tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà lẹ́yìn ọgbà, tí wọ́n kùn ún dáadáa, tí páìpù kan sì yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ sínú gọ́tà. Ìwé àṣẹ wọn pé. Láyé àtijọ́, bí wolé-wolé bá dé agbolé, inú ìkòkò omi ló ń yọjú sí bóyá yóò rí tanwíjí níbẹ̀. Ẹ̀yin, ìwé lẹ ń yẹ̀ wò.

Nígbà mìíràn ìjọba á dé, á ti ilé tó ń da omi ìgbẹ́ sí gọ́tà pa, á gba owó ìtanràn. Mi ò lòdì sí ìjìyà. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ibi lójú ọ̀nà yìí, kò sí páìpù àjùmọ̀lò tí onílé lè so tirẹ̀ mọ́, bó tilẹ̀ fẹ́ ṣe dáadáa.

Ẹ lè sọ pé Festac, níhìn-ín ní Èkó, ní páìpù àjùmọ̀lò. Òótọ́ ni. Wọ́n kọ́ ìlú yẹn nítorí àjọ̀dún àṣà adúláwọ̀ ti 1977, wọ́n ri páìpù sí i kí àwọn olùgbé tó dé, ètò náà sì dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ohun tó pa á ni àìsí ìtọ́jú, èrò tó pọ̀ ju iye tí wọ́n ṣe é fún, àti ilé tí wọ́n kọ́ lé páìpù lórí. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kí ẹ yan olùtọ́jú lọ́jọ́ tí ẹ ń yan páìpù. Ẹ̀yin mú ẹ̀kọ́ mìíràn, ẹ ní kí kálukú lọ gbẹ́ sókáwéè tirẹ̀.

Ìlú kan wà ní Gúúsù Áfíríkà tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò ju gbogbo ìlú olówó tí wọ́n ń fi àwòrán wọn hàn wá. Atlantis lorúkọ rẹ̀, ó wà ní àríwá Cape Town, lórí iyanrìn etí òkun bíi tiwa. Láti 1979 ni wọ́n ti ń dá omi padà sínú ilẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ya omi ìdọ̀tí inú ilé sọ́tọ̀ kúrò lára ti ilé-iṣẹ́. Wọ́n ń fọ ti inú ilé, wọ́n ń tú u pẹ̀lú omi òjò sínú adágún tí wọ́n gbẹ́ sórí iyanrìn. Ibẹ̀ ni yóò ti rọra wọlẹ̀, iyanrìn á sẹ́ ẹ lọ, títí kànga ìlú yóò fi tún fà á. Ti ilé-iṣẹ́, tí wọn kò fẹ́ kó dé inú kànga, wọ́n ń fọ òun náà, ṣùgbọ́n adágún tó sún mọ́ òkun ni wọ́n ń tú u sí, kó lè máa ti omi iyọ̀ sẹ́yìn. Omi kọ̀ọ̀kan mọ ibi tó ń lọ, ó sì ní iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀. Mi ò sọ pé ká dà á kọ gẹ́lẹ́. Níbi tí omi wa ti sún mọ́ ojú ilẹ̀ jù, adágún nìkan kò ní tó. Ní Orange County ní California, inú kànga tí wọ́n gbẹ́ nítòsí etíkun ni wọ́n ń ti omi tí wọ́n ti fọ̀ gbà wọlẹ̀ láti nǹkan bí 1976, kí iyọ̀ má baà gba abẹ́ ilẹ̀ wọn. Ọ̀nà wà ju ẹyọ kan lọ. Ẹ yan èyí tó bá ilẹ̀ wa mu, ṣùgbọ́n ẹ yàn.

Durban, ní Gúúsù Áfíríkà kan náà, ló yẹ kó wu ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ owó ń ká lára. Ní 2001 ni wọ́n ṣí ilé-ẹ̀rọ kan níbẹ̀ tó lè fọ omi ìdọ̀tí tó tó lítà mílíọ̀nù 47 àti ààbọ̀ lójúmọ́. Ilé-iṣẹ́ bébà Mondi àti ilé ìfọpo SAPREF ni oníbàárà rẹ̀ nígbà náà, omi mímu tí àwọn méjèèjì ìbá lò sì kù fún ará ìlú. Àwa náà ní ilé ìfọpo ńlá ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, a ní èbúté ọkọ̀ òkun tó jìn, ilé-iṣẹ́ sì ń pọ̀ sí i ní agbègbè òwò ọ̀fẹ́ níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ fi omi tu ẹ̀rọ gbígbóná lára kò nílò omi tí èèyàn lè mu. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé irú iṣẹ́ yìí kọjá agbára Áfíríkà, ẹ fi Windhoek ní Namibia hàn án. Láti 1968 ni wọ́n ti ń fọ omi ìdọ̀tí padà sí omi mímu níbẹ̀.

Mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ fún wa ní irú omi bẹ́ẹ̀ mu. Kí ẹ tó yan ẹ̀rọ, ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò lo omi náà, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ dé ìwọ̀n tí iṣẹ́ onítọ̀hún ń fẹ́. Gbogbo ojú ọ̀nà yìí ni wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù, tí wọ́n ń po kọnkéré. Gbogbo ẹ́sítéètì ló ń bomi rin òdòdó, gbogbo ilé ló ń ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀, omi tó dára ni gbogbo wọn sì fi ń ṣe é. Páìpù kejì, aláwọ̀ elésè àlùkò bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Amẹ́ríkà kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í mú fún omi mímu, lè máa gbé omi tí ẹ ti fọ̀ yìí wọlé, bí ẹ bá rì í kí ẹ tó da ọ̀dà. Kí ẹ pààlà ilẹ̀ fún ilé-ẹ̀rọ àjùmọ̀lò tí yóò máa fọ omi náà, kí ẹ sì fi òfin de ilẹ̀ yẹn débi tí baálẹ̀, ọmọ onílẹ̀ tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan kò fi ní lè tà á. Kí omi ilé-iṣẹ́ má pàdé ti inú ilé. Kí olùtọ́jú ní orúkọ àti owó oṣù, kí wọ́n sì máa lẹ èsì àyẹ̀wò omi náà síta lóṣooṣù níbi tí gbogbo wa ti lè kà á.

Ẹ má ṣe fi ìríra àwa ará ìlú ṣe àwáwí. Òótọ́ ni pé àwọn Mùsùlùmí ládùúgbò yóò béèrè bóyá irú omi bẹ́ẹ̀ mọ́ tó láti fi ṣe àlùwàlá. Àwọn àgbà onímọ̀ ẹ̀sìn ní Saudi Arabia dáhùn ìbéèrè yẹn ní 1978: bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ títí tí àwọ̀, adùn àti òórùn rẹ̀ fi padà sí ti omi, tí kò sì léwu fún ara, ó mọ́. Ohun tó ń kó ìríra báni ni kí a máa mu ìgbẹ́ láìmọ̀, bí a ti ń ṣe é lọ báyìí nínú kànga wa.

Ní ti owó, àwa ti ń san án. Ẹni tó kọ́lé níbí san owó kànga, ó san owó ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi pupa, ó ń san owó táńkà agbégbẹ̀ẹ́, ó ń ra omi inú ọ̀rá mu, bí ara ọmọ kò bá yá, ó ń san owó ilé ìwòsàn. Kálukú ń dá san ohun tí à bá jọ san. Páìpù tí ẹ bá rì pọ̀ mọ́ iṣẹ́ títì kì í wọ́n tó èyí tí ẹ ó gé títì nítorí rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ẹni tó bá da omi síwájú ni í tẹ ilẹ̀ tútù.

Láti 2024 ni wọ́n ti ń ṣe títì etíkun tó fẹ́ lọ láti Èkó dé Calabar, àárín ilẹ̀ wa ló sì gbà kọjá. Lẹ́yìn Ẹlẹ́kọ̀ títí dé Ẹ̀pẹ́, ilẹ̀ ṣì wà tí wọn kò tíì kó iyanrìn dí. Ìbéèrè mi nìyí, ìta gbangba ni mo sì ti fẹ́ ìdáhùn rẹ̀: páìpù omi ìdọ̀tí wo ló wà nínú àwòrán títì náà àti àwọn ọ̀nà tó yà kúrò lára rẹ̀? Níbo lẹ pààlà sí fún ilé-ẹ̀rọ tí yóò máa fọ̀ ọ́? Ta ni yóò ra omi náà? Bí ìdáhùn bá wà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí kò bá sí, kí ẹ dá títa pulọ́ọ̀tì dúró níbẹ̀ títí yóò fi wà.

Èmi ni tiyín,
ará Ajáh kan.