Kí A Tó Sanwó Ni À Ń Yẹ Ọjà Wò

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn alágbára ayé máa ń sọ nígbàkúùgbà tí wọ́n bá fẹ́ bá ìjọba tí kì í gba àtakò dòwò pọ̀. Wọ́n á ní, “Ẹ jẹ́ kí òwò wọlé ná, òmìnira yóò tẹ̀ lé e.” Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ jẹ́ kí á gbé e lé òṣùwọ̀n, kí á fi ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Vietnam wọ̀n ọ́n.

Kí á kọ́kọ́ sọ òtítọ́ tó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn tí ogun parí ní 1975, Ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì tó ń ṣàkóso ìhà àríwá mú ìhà gúúsù náà wọ inú ètò rẹ̀. Ìjọba ló ń pàṣẹ ohun tí àgbẹ̀ yóò gbìn àti iye tí yóò tà á. Amẹ́ríkà náà ti ilẹ̀kùn òwò mọ́ gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ìyà jẹ mẹ̀kúnnù. Ní 1986, ọ̀wọ́n gógó ọjà lé ní 700 nínú ọgọ́rùn-ún, ní ìṣirò ìjọba fúnra rẹ̀.

Ní Oṣù Kejìlá ọdún náà ni ìpàdé àpapọ̀ kẹfà Ẹgbẹ́ náà fọwọ́ sí àtúnṣe tí wọ́n ń pè ní Đổi Mới. Ní 1988, wọ́n fi ilẹ̀ oko lé ìdílé àgbẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tó di 1989, ilẹ̀ tí kò rí ìrẹsì tó jẹ ti ń tà á sókè òkun. Ta ni yóò wá ní kí wọ́n tún ilẹ̀kùn náà tì? Èmi kọ́. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n ṣé ìfẹ́ òmìnira ló mú Ẹgbẹ́ náà ṣílẹ̀kùn? Rárá o! Wọ́n rí i pé ìrànlọ́wọ́ Sófíẹ́ẹ̀tì kò lè gbé wọn débi kan mọ́, ebi sì lè lé wọn kúrò lórí àga. Wọ́n ṣí ọjà kí ìjọba má bàa bọ́ lọ́wọ́ wọn. Amẹ́ríkà gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òwò wọn ní 1994. Wọ́n wọ Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé ní 2007. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ni òfin wọn mọ̀. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lápò wọn.

Ẹ wo ti akọ̀ròyìn kan, Pham Chi Dung, tó dá ẹgbẹ́ àwọn akọ̀ròyìn olómìnira sílẹ̀ ní 2014. Nígbà tí Yúróòpù fẹ́ bá Vietnam ṣe àdéhùn òwò, ó bẹ àwọn aṣòfin Yúróòpù pé kí wọ́n dá ọwọ́ dúró títí ìjọba yóò fi bọ̀wọ̀ fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Wọ́n mú un ní Oṣù Kọkànlá 2019. Ní Oṣù Kejì 2020, àwọn aṣòfin náà fọwọ́ sí àdéhùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Oṣù Kẹjọ. Ní Oṣù Kìíní 2021, wọ́n sọ ọkùnrin náà sẹ́wọ̀n ọdún 15. Níbo ni òmìnira tí wọ́n ní ó ń bọ̀ lẹ́yìn òwò wà?

Àwọn kan á ní, “Bí a bá le koko jù, ọjà á tú, òtòṣì ni yóò sì jìyà rẹ̀.” A kò ní kí wọ́n má rà. Ìyá tó fẹ́ ra tòmátì a máa tú ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ wò kó tó sanwó. Bó bá ti sanwó tán, tó gbé ẹrù délé, ta ni yóò bá jà? Nínú Oṣù Kọkànlá 2019 yẹn gan-an, tí àwọn aṣòfin Yúróòpù kò tíì fọwọ́ sí àdéhùn náà, Vietnam ṣe òfin tuntun tó gba òṣìṣẹ́ láyè láti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ẹ ò rí i pé ìgbà ìnájà ni ọ̀rọ̀ ń wọ olọ́jà létí!

Ẹ̀sìn wa kò fàyè gba kí á dín òṣùwọ̀n kù lọ́jà. Ẹni tó bá fi owó ṣèlérí òmìnira fún aládùúgbò, tó gba ọjà, tó sì gbàgbé ẹlẹ́wọ̀n, òṣùwọ̀n ló dín kù. Oúnjẹ jẹ́ ẹ̀tọ́, ẹnu sísọ náà jẹ́ ẹ̀tọ́. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀kan san gbèsè èkejì.